Bí ọ̀gá bá ní ààyò níbi iṣẹ́: bí ẹ ṣe lè gba ohun tó kàn yín kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ yín

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tó bá ti ń lọ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n máa ń lẹ rósítà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ oṣù. Òtẹ́ẹ̀lì ni, ní Abẹ́òkúta níbí. Ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà níbi tó wà. Kí wọ́n tó lẹ ìwé náà tán la ti mọ ẹni tó máa ṣe òwúrọ̀ Sátidé. Sátidé ni àwọn tó ń bọ̀ wá jẹ ìnáwó máa ń dé láti Èkó àti Ìbàdàn. Wọ́n á fẹ́ tètè gba yàrá kí wọ́n lè ráyè we gèlè, ẹni tó bá sì wà nídìí káńtà tó bá wọn ṣe é kíákíá kì í lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Òru Sọ́ńdè ńkọ́? Ẹ̀fọn àti ariwo jẹnẹrétọ̀, kò sí nǹkan míì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni òwúrọ̀ Sátidé máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Àwa yòókù á ka ìwé náà, a ó pòṣé, a ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún méjì ni mo lò níbẹ̀, àṣìṣe tí mo sì ṣe pọ̀ kí n tó ṣe ohun kan tó tọ́. Nígbà tó yá, mo di sùpáfáísọ̀ níbòmíì, mo wá rí i pé èmi náà ń ṣe ohun tí mo sunkún lé lórí nígbà kan. Ohun tí mo rí ní ìhà méjèèjì ni mo kó jọ síbí. Bí ẹ ò bá ní ka gbogbo rẹ̀, ẹ mú èyí dání: ohun tó yẹ kó kàn yín ni kí ẹ bá ọ̀gá sọ, ẹ má bá a sọ ti ààyò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wò ó bóyá ojúsàájú ni lóòótọ́

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni ojúsàájú. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà lè máa gbowó jù yín lọ. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa lè má dé ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Nǹkan míì sì wà tí ọ̀gá mọ̀ tí kò lè máa sọ káàkiri. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń di ọmọbìnrin kan tí kì í ṣe òru sínú. Ọjọ́ tí mo pàdé rẹ̀ lọ́nà Ìdí-Àbà, tó gbé ọmọ pọ̀n, tó mú káàdì ọsibítù lọ́wọ́, ni mo tó mọ̀ pé ọmọ náà ní síkúlà, pé ọ̀gá ló ní kó má ṣe òru mọ́. Ojú tì mí débi pé mo bá a gbé báàgì rẹ̀ títí dé ibi tó ti wọ kẹ̀kẹ́.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi báyìí kò ṣòro: ká ní èmi ni mo ṣe ohun tí ẹni yẹn ṣe, ṣé wọn ì bá fún mi ní ohun tí wọ́n fún un? Bó bá pẹ́ kó tó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ márùn-ún tí wọ́n ní “ọ̀nà ló dí”, tí ẹ̀yin pẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n fún yín ní kúèrì, ẹ ti rí ìdáhùn. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì ṣe ohun tí òun ń ṣe rí, ẹ fi sùúrù díẹ̀ kún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wádìí ohun tí ọ̀gá ń rí gbà nídìí ààyò rẹ̀

Ìgbà tí mo di sùpáfáísọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí tó yé mi. Ẹni mẹ́fà ló wà lábẹ́ mi. Bí iṣẹ́ òjijì bá dé, ẹnì kan ṣoṣo ni mo máa ń pè. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Ó máa ń gbé fóònù ni. Á ní “Mò ń bọ̀, mà,” ọ̀rọ̀ á sì parí. Àwọn yòókù á kọ́kọ́ ro ti òjò, wọ́n á ro ti kẹ̀kẹ́ tí kò sí ní Ọbáǹtokò, wọ́n á ro ti ọmọ. Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí n mú orúkọ ẹnì kan wá fún àfikún owó, orúkọ ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu?

Ojúsàájú ìrọ̀rùn nìyẹn, òun ló sì pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ níbi tí ojú tèmi tó o. Ọ̀gá irú èyí kò kórìíra yín. Kò rí yín ni. Ẹ mú kó rọrùn fún un láti rí yín: bí iṣẹ́ bá parí, ẹ lọ sọ fún un pé ó parí kó tó béèrè. Bí ẹ ò bá lè wá, ẹ sọ ìgbà tí ẹ máa lè wá. Àwọn kan á ní ìyẹn ti fẹ́ jọ pé kéèyàn máa pọ́n ọ̀gá lé. Kò jọ ọ́. Ẹni tó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe lọ ń ròyìn iṣẹ́ ni. Ẹni tó ń ra ẹ̀bà fún ọ̀gá lójoojúmọ́ tó sì ń kó ọ̀rọ̀ ẹlòmíì lọ bá a, a mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìyẹn.

Ti ẹbí ló le. Bí ààyò náà bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni tó ni iṣẹ́, ọ̀gá tí ẹ̀ ń bínú sí lè máa bẹ̀rù ọmọ yẹn jù yín lọ. Kò ní lè sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin náà ẹ ò sì lè fi ipá mú un sọ ọ́. Nírú ibẹ̀, ohun tó ṣeé gbà ni pé kí wọ́n má di iṣẹ́ ọmọ náà lé yín lórí. Ẹ má retí pé wọ́n á gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn nítorí yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ ra ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, olójú ewé ogójì. Ilé ni kó máa gbé. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ ibi iṣẹ́, ẹ má sì kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà wọn.

Ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ. Ohun tí inú yín ń sọ kò sí níbẹ̀. Bí tèmi ṣe rí rèé (ààyò ọ̀gá ni mo pè ní Lágbájá níbí):

Sátidé, 8 oṣù kẹfà. Òwúrọ̀: Lágbájá. Ọ̀sán: èmi. Òru: Bọ̀ọ̀dá.
Sátidé, 15 oṣù kẹfà. Òwúrọ̀: Lágbájá. Ọ̀sán: Bọ̀ọ̀dá. Òru: èmi. Ọ̀gá ní kí n wá ṣe òru nítorí pé ẹni tó kù kò yá.
Mọ́ńdè, 17 oṣù kẹfà. Wọ́n mú ẹni méjì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgbowó tuntun. Lágbájá àti Bọ̀ọ̀dá. Wọn ò béèrè lọ́wọ́ àwa tó kù.

Ẹ rí i pé kò sí “ó tún gbé e fún ẹni ọkàn rẹ̀” níbẹ̀. Bí ìwé náà bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá lọ́la, kò ní sí gbólóhùn kan tó máa dójú tì yín. Ẹ kọ èyí tí wọ́n fi ṣe yín lóore náà sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin náà ti ń ṣe ojúsàájú nínú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo kọ. Oṣù kan lè jẹ́ èèṣì, ẹnì kan lè lọ sí ìsinmi, ẹnì kan lè ṣàìsàn. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mo kà á. Nínú òwúrọ̀ Sátidé mẹ́jọ, Lágbájá ní mẹ́fà, Bọ̀ọ̀dá ní ẹyọ kan, èmi náà ní ẹyọ kan, ẹnì kẹrin wa kò ní rárá. Ṣáájú ìgbà yẹn, mo lè búra pé mi ò ní ìkankan. Ìwé náà wá fi ohun tí mi ò wá hàn mí: àǹtí tó ń fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kò tíì ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan nílé láàárín oṣù méjì náà. Kò sọ̀rọ̀ rí. Àwa tí à ń kùn, ìdí káńtà nìkan là ń wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ sì pa ọwọ́ mọ́ lórí fóònù

A ní gúrúùpù WhatsApp kan tí ọ̀gá kò sí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ la ti sọ Lágbájá ní “Ìyáálé”. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí rósítà ṣe jáde, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ìyáálé ti gba Sátidé. Ẹ̀yin ìyàwó kéékèèké, ẹ lọ fọ abọ́.” Ẹni mẹ́rin ló rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé orí fóònù ọ̀gá.

Ní ìpàdé ọjọ́ Mọ́ńdè, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka á sókè níwájú gbogbo wa, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka Bíbélì. Lágbájá bú sẹ́kún. Èmi ò lè gbójú sókè. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá tiẹ̀ ní òótọ́ lọ́wọ́, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ? Mo ti di ẹni tó ń fi ẹnìkejì rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Oṣù mélòó kan kọjá kí n tó tún lè la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ rósítà. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó ya fọ́tò ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, bí inú bá ń bí yín, ẹ wá ẹnì kan tí kò bá yín ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín, ọkọ tàbí aya yín, ọ̀rẹ́ tó ń gbé ní Láfẹ́ńwá tí kò mọ ọ̀gá yín rí. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ má kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú rẹ̀, kí n tó ní ìwé lọ́wọ́, mo já wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan náà tí rósítà jáde, mo ní, “Sà, ẹ̀ ń ṣe ojúsàájú.” Ó gbé bírò sílẹ̀. “Èmi? Èmi tí mo gbà ọ́ síṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́?” Ìṣẹ́jú márùn-ún tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ bí èmi ṣe ya aláìmoore ló kù tí à ń sọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ṣe òru mẹ́rin.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ojúsàájú, ọ̀rọ̀ ọfà ni. Ẹ má dárúkọ rẹ̀ níwájú ọ̀gá. Bí ẹ bá ti pè é bẹ́ẹ̀, irú èèyàn tí òun jẹ́ lẹ̀ ń jà lé lórí, kò sì sí ọ̀gá tó máa gbà pé òun kì í ṣe èèyàn dáadáa.

Ìgbà kejì, báyìí ni mo ṣe é. Mo mú ọjọ́ Túsìdeè, lẹ́yìn tó ti jẹun ọ̀sán, lọ́sẹ̀ tí owó oṣù ti wọlé. Láàárọ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́ fún àyè: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bí ẹ bá ráyè lọ́sàn-án, mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iṣẹ́ mi.” Mo kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe máa ń kí i, mo sì béèrè bóyá mo lè jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí èyí. Ẹ kí ọ̀gá bí ó ṣe yẹ kí wọ́n kí àgbà, àmọ́ ẹ má wà lórí ìkúnlẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kọ́ sì lẹ bá wá.

Mo ti da ohun tó wà nínú ìwé ilé kọ sórí bébà kan, òwúrọ̀ Sátidé nìkan, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni àfi tèmi. Mo ní, “Sà, nínú Sátidé mẹ́jọ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe òwúrọ̀. Nínú mẹ́rin tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní ẹyọ kan.”

“Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀?” Ó na ọwọ́ gba bébà náà. Ó fi ìdí bírò ka ọjọ́ náà níkọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ̀. Òun tó ń kọ rósítà fúnra rẹ̀ kò mọ̀! Orúkọ tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ń kọ síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Kò tọrọ àforíjì, mi ò sì retí rẹ̀. Ó ní, “Màá wò ó.” Bí ọ̀gá yín bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí ẹ lè padà wá. “Ṣé kí n padà wá rí yín lọ́jọ́ Jímọ̀, sà?” Kó dá ọjọ́. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí i: “Ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ mi lónìí, sà. Bí ẹ ṣe sọ, màá wá rí yín lọ́jọ́ Jímọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Sátidé.” Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, ẹ̀rí tó ní ọjọ́ àti àkókò lórí náà sì ni.

Bó bá jẹ́ ọ̀gá tó lẹ́nu, ó lè ní ìka ò dọ́gba. Ẹ má jiyàn. Ẹ ní, “Òótọ́ ni, sà. Kí ni mo lè ṣe láàárín oṣù mẹ́ta sí ìsinsìnyí tí wọ́n á fi lè fún mi?” Ó di dandan kó dárúkọ nǹkan kan. Bó bá dárúkọ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, ẹ lọ ṣe é, ẹ padà wá. Bí kò bá rí nǹkan kan dárúkọ, ẹ̀yin méjèèjì ti gbọ́ ohun tí kò sọ.

Bó bá sì béèrè pé, “Ṣé Lágbájá lo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn?” ẹ dáhùn pé, “Rárá, sà, ti ara mi ni mo bá wá.” Bó fẹ́ bó kọ̀, ẹ má kúrò lórí ìdáhùn yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dábàá àáró

Àáró ni Lísàbí fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ kó tó di pé wọ́n gba ara wọn lọ́wọ́ Ọ̀yọ́: lónìí gbogbo wa wà lóko tèmi, lọ́la a ó wà lóko tìrẹ. Nínú àáró, ẹni tó kàn ló kàn. Kò sí pé olórí fẹ́ràn ẹnì kan jù. Ọ̀rọ̀ tí ará Abẹ́òkúta mọ̀ láti kékeré ni, mo sì ti rí i pé ó máa ń tètè wọ ọ̀gá létí ju “ẹ̀tọ́” lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀gá kì í fẹ́ iṣẹ́ tuntun. Ẹ fi rúlà fa tébù sí bébà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, orúkọ ẹni mẹ́rin, òwúrọ̀ Sátidé ń yí kiri, òru Sọ́ńdè náà ń yí kiri. Kó jẹ́ pé ibi tó máa buwọ́ lù nìkan ló kù fún un. Ẹ fi Lágbájá sí i bí ẹ ṣe fi ara yín sí i, kí ó má dà bíi pé ẹ fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí èmi gbàgbé nígbà náà ni àǹtí tó ń fọ aṣọ. Ẹ má gbàgbé tiyín.

Ó dára fún rósítà, fún ìsinmi, fún ìrìnàjò tó ní àlàwánsì, fún ẹni tó máa lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun. Kò wúlò fún ìgbéga, nítorí ìgbéga kì í yí kiri. Ti ìgbéga, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kí àkókò rẹ̀ tó dé. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mósàn tàbí nílé-iṣẹ́ ìjọba míì, ti yín tilẹ̀ ní ìwé tirẹ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, APER ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa kọ ohun tí ẹ ṣe lọ́dún náà sí i kí ọ̀gá tó fún yín ní máàkì. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ìlà méjì, “mo ṣe iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi”, wọ́n á wá máa ráhùn pé máàkì kéré. Ẹ kọ iye fáìlì, ẹ kọ iye ọjọ́, ẹ kọ iṣẹ́ ẹlòmíì tí ẹ bá a ṣe. Láti ipele iṣẹ́ ìjọba keje sí ìkẹrìnlá (GL 07 sí 14), ó kéré tán, ọdún mẹ́ta lẹ gbọ́dọ̀ lò kí ìgbéga tó kàn. Ọdún kan tí ẹ bá kọ fọ́ọ̀mù náà ní ìkánjú, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀rí yín nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ má sọ ààyò di ọ̀tá

Lágbájá kò bẹ ọ̀gá. Ọdún kẹta tí mo kúrò níbẹ̀ la pàdé ní Kútọ̀, níbi tí mo ti ń ra ata. Ó ní láti ìgbà ọ̀rọ̀ “Ìyáálé” ni òun ti ń dá jẹun ọ̀sán. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ máa kí i. Òun ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ohun tó ń bọ̀.

Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni ààyò, ẹ fún ẹlòmíì ní ẹyọ kan nínú ohun tó ń bọ̀ sí yín lọ́wọ́, kí ọ̀gá máa wò ó. “Sà, ẹ fi Bọ̀ọ̀dá sí Sátidé yìí, èmi á ṣe òru.” Ọjọ́ tí ọ̀gá yẹn bá lọ, àwọn tí ẹ jọ jẹ ẹ́ ló kù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí ọ̀gá bá kọ̀ jálẹ̀

Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó jù ú lọ tàbí ẹ̀ka tó ń rí sí òṣìṣẹ́. Ojú ewé kan ti tó: ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ fi hàn wọ́n kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Kí ẹ tó ronú kan òfin, ẹ mọ ibi tí òfin dúró. Kí ọ̀gá fẹ́ràn ẹnì kan ju ẹlòmíì lọ, òfin kò ní nǹkan án ṣe sí ìyẹn. Ohun tí òfin mọ̀ ni ohun tó wà nínú ìwé. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 42, kọ̀ kí wọ́n fi ẹ̀yà, ìlú, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú tàbí pé èèyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin rẹ́ ẹ jẹ. Àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí i, ti 2010, sì gbé ẹjọ́ irú ìyẹn níbi iṣẹ́, àti ti ọ̀gá tó ń fi ìṣekúṣe lọ̀ òṣìṣẹ́, fún National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ọ̀gá ń béèrè lọ́wọ́ yín kí ẹ tó lè di ààyò ni kí ẹ wá bá òun níbì kan, ẹ fi gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà lókè yìí sílẹ̀. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́, ẹ wá lọ́yà.

Fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ agbára tàbí iṣẹ́ akọ̀wé, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ó ní ọjọ́ ìsinmi kan, wákàtí 24 gbáko, nínú ọjọ́ méje, àti ìsinmi ọlọ́wó tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lẹ́yìn oṣù méjìlá. Bó bá jẹ́ pé ààyò nìkan ló ń rí ìwọ̀nyí gbà, ẹ má tún pè é ní ojúsàájú mọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni wọ́n jẹ. Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, máa ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ì báà jẹ́ ìjọba tàbí kọ́ńpìnnì ni wọ́n ṣe é fún yín. Wọ́n á béèrè bóyá ẹ ti kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn tó wà níbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀dà lẹ́tà yín ti máa wúlò.

Bí kò bá wá sí ẹni tó ju ọ̀gá lọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé aláró lẹ ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí Ìtòkú, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ló ni ilé, òun ló sì ń sanwó. Ó ń pe ẹnì kan síwájú nígbàkigbà tí àwọn oníbàárà bá ti Èkó dé, ẹ̀yin wà lẹ́yìn, ọwọ́ yín wà nínú ìkòkò aró títí dé ìgbọ̀nwọ́. Kò sí lẹ́tà tí ẹ fẹ́ kọ síbẹ̀. Ẹ wá ẹni tí màmá náà máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tajà, tàbí ẹni tó mú yín wá síṣẹ́. Kí ó bá yín sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, nílé, kì í ṣe ní ọjà. Ohun kan ṣoṣo ni kó béèrè: “Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí náà máa jáde sí oníbàárà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.” Bí ẹ bá di ẹ̀sùn mẹ́ta fún un, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ ni màmá máa dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bó bá di pé kí ẹ kúrò

Èmi kúrò. Kì í ṣe ìbínú ló lé mi. Ọ̀gá náà fún mi ní Sátidé mi, ó sì ń yí i kiri fún bí oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó gbé e lọ sí ẹ̀ka míì. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ mú ààyò tirẹ̀ bọ̀, agbára mi ò gbé kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé olójú ewé ogójì.

Ẹ má lọ láì tíì rí iṣẹ́ míì, àfi bí wọ́n bá ń ṣe yín léṣe. Ẹ wo ohun tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín sọ nípa ìfitónilétí kí ẹ tó kọ lẹ́tà ìkọ̀wé-fiṣẹ́-sílẹ̀. Bí kò bá sọ nǹkan kan, Labour Act ní ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má kọ ohun tí ọ̀gá ṣe fún yín sínú lẹ́tà náà. Ìlà mẹ́ta tó: mò ń lọ, ọjọ́ tí mo máa lò kẹ́yìn, ẹ ṣé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó bá gbà á buwọ́ lu èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, kó sì kọ ọjọ́ sí i kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì rẹ̀.